Nọ́ọ̀sì Tó Ń Fọ Egbò Adẹ́tẹ̀: Ṣé Àrùn Náà Ò Ní Ràn Án?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Onígàrí ni ní ọjà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, irú ìyá tó ti ń ta gàrí láti ìgbà tó ti pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, tó jẹ́ pé inú kóńgò gàrí ló ti rí owó ilé ìwé ọmọ náà san. Ọmọ kàwé, ó yege, ó di nọ́ọ̀sì. Wọ́n ya fọ́tò, ìyá gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀, kò sí àlejò tó wọlé tí kò ní fi hàn án. Ó wá di ọjọ́ kan, ìwé iṣẹ́ dé. Ọmọ kà á fún ìyá rẹ̀: ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ.

Kí lẹ rò pé ìyá á ṣe? Á káwọ́ lérí ni. "Ẹ̀tẹ̀ kẹ̀? Ọmọ tí mo fi òógùn ojú tọ́! Lọ sọ fún wọn pé o ò ṣe o." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ tàbí àfáà, ó ti bẹ ìbátan kan tó mọ èèyàn ní Abẹ́òkúta pé kó bá òun yí ibi iṣẹ́ ọmọ òun padà. Bí ọmọ bá sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun á lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyá ní ìsọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ náà tìfura-tìfura. Ẹni tó máa ń gba omi mu lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ní òùngbẹ ò gbẹ òun.

Àpẹẹrẹ ni ìyá yìí, kò ní orúkọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí ẹ máa dé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ẹ ò ní bá irú rẹ̀ pàdé. Ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀ sì tó kí wọ́n dá a lóhùn: ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ egbò adẹ́tẹ̀ lójoojúmọ́, báwo ni àrùn náà ò ṣe ní ràn án?

Kò yẹ ká bú ìyá. Ohun tí àwọn baba ńlá wa fojú rí ló ń bà á lẹ́rù. Láyé àtijọ́, bí ẹ̀tẹ̀ bá ti hàn lára ẹnì kan, ẹ̀yìn odi ni ilé rẹ̀. Wọ́n á kọ́ ahéré fún un sínú igbó, wọ́n á máa gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un lókèèrè. Bó bá kú, wọn kì í sin ín sílé bí wọ́n ṣe ń sin àwọn òkú yòókù. Wọ́n tún fi ṣòwe, wọ́n ní adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Títí dòní, bí obìnrin méjì bá ń tahùn síra wọn lọ́jà, tí ọ̀kan bá ṣi ẹnu pe èkejì ní adẹ́tẹ̀, ìjà ọ̀hún ti kúrò ní ti ẹnu nìyẹn.

Ẹ̀rù náà ò sì mọ sí ọjà o. Àwọn tó kàwé ìṣègùn náà ń bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ alárùn ẹ̀tẹ̀ ló ti rojọ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera dúró lọ́nà jíjìn bá àwọn sọ̀rọ̀, tàbí pé wọ́n ń rán àwọn láti yàrá kan sí èkejì títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ẹni tó yẹ kó fọ egbò bá ń sá fún egbò, ta ni yóò wá fọ̀ ọ́?

DÓKÍTÀ TÓ FI ARA RẸ̀ DÁN AN WÒ

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àrùn aláwọ̀ dúdú tàbí àrùn ilẹ̀ gbígbóná ni ẹ̀tẹ̀. Ó tì o. Àwọn òyìnbó pọ́nbélé jìyà rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Bergen. Ní nǹkan bí 150 sí 180 ọdún sẹ́yìn, àwọn adẹ́tẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọsibítù tiwọn wà lọ́tọ̀.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Danielssen ni ọ̀gá níbẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹ̀tẹ̀ kì í ràn rárá, pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló ti ń wá, bí ìgbà tí ọmọ jọ bàbá rẹ̀. Kí àwọn ènìyàn lè gbà á gbọ́, ó ṣe ohun tí orí ẹlòmíràn ò ní gbé. Ó mú nǹkan láti ara àwọn aláìsàn, ó sì ti í bọ inú ara ara rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù náà gbà kí wọ́n ṣe é fún àwọn pẹ̀lú. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, wọn ò rí nǹkan kan. Kò sí ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú nínú wọn.

Danielssen ní ẹ ò rí i, mo sọ bẹ́ẹ̀, kì í ràn. Ṣùgbọ́n ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí yìí ò tọ̀nà. Àna rẹ̀, ìyẹn ọkọ ọmọ rẹ̀ tí í ṣe dókítà Armauer Hansen, jókòó ti ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ní ọdún 1873 ó sì rí àwọn kòkòrò tín-ín-tín bí igi ìṣáná nínú ohun tó mú lára aláìsàn. Kòkòrò ló ń fà á! Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń pe ẹ̀tẹ̀ ní àrùn Hansen títí dòní. (Hansen náà ṣe àṣìṣe tirẹ̀. Ní 1879 ó fi nǹkan láti ara aláìsàn kan sí ojú obìnrin kan láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì gba ipò rẹ̀ ní ọsibítù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún kejì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Aláìsàn kì í ṣe eku tí wọ́n fi ń dánrawò.)

Ẹ wá to ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Àrùn tó ń ràn ni ẹ̀tẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó dìídì ti í bọ ara rẹ̀ ò kó o. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kòkòrò náà lọ́ra bí ìgbín. Àwọn kòkòrò mìíràn wà tó jẹ́ pé láàárín 20 ìṣẹ́jú, ọ̀kan ti di méjì, méjì ti di mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọbẹ̀ tí ẹ gbàgbé láti gbé kaná lálẹ́ fi ń kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti ẹ̀tẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí ọ̀kan tó di méjì. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi lè wọ ara lónìí kó tó ọdún márùn-ún kó tó hàn. Nígbà mìíràn ó ń tó 20 ọdún.

Ohun kejì ló yẹ kí ìyá onígàrí gbọ́ jù. Ọlọ́run ti fi ohun ìjà sínú ara wa. Nínú 100 ènìyàn, ó ju 95 lọ tó jẹ́ pé bí kòkòrò náà tilẹ̀ wọ inú wọn, ara wọn á pa á fúnra rẹ̀, wọn ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àwọn díẹ̀ tó kù ni àrùn lè mú. Àwọn wọ̀nyí pàápàá, kì í ṣe bíbọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó o, kì í ṣe jíjókòó ti adẹ́tẹ̀ nínú mọ́tò, kì í ṣe jíjẹun nínú abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ìkán omi tó ń ti imú àti ẹnu aláìsàn tí kò tíì lo oògùn jáde ló ń gbé e, ó sì ń gba kí èèyàn wà pẹ̀lú onítọ̀hún tímọ́tímọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ yẹn: aláìsàn tí kò tíì lo oògùn. A ń bọ̀ wá bá a.

FADÁ DAMIEN ŃKỌ́?

Bí ẹ bá sọ èyí fún ẹni tó gbọ́ ìtàn, ó ní ọ̀rọ̀ tó máa fi já a. Á ní: Fadá Damien ńkọ́? Òun kọ́ ni ẹ̀tẹ̀ pa nítorí pé ó tọ́jú adẹ́tẹ̀?

Òótọ́ ni. Ará Bẹ́ljíọ̀mù ni Fadá Damien. Ní 1873, ọdún kan náà tí Hansen rí kòkòrò yẹn, ó lọ sí erékùṣù kan tó ń jẹ́ Molokai ní Hawaii, níbi tí ìjọba ń kó àwọn adẹ́tẹ̀ dà sí láti 1866. Ẹni ọdún 33 ni. Ó kọ́lé fún wọn, ó kan pósí wọn, ó gbẹ́ sàréè wọn, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ di egbò wọn. Ó ń jẹun pẹ̀lú wọn nínú abọ́ kan, ó ń gba ìkòkò tábà lẹ́nu wọn mu. Nínú ìtàn rẹ̀, ní ìparí ọdún 1884 ló ti ẹsẹ̀ bọ inú omi gbígbóná, tí awọ ẹsẹ̀ bó, tí kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ó mọ̀ lọ́gán pé ó ti dé. Ní 1889 ó kú, ẹni ọdún 49. Ní 2009, Póòpù Benedict kẹrìndínlógún sọ ọ́ di ẹni mímọ́.

Ìtàn Damien ló gba ayé kan. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ ní Molokai! Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ohunkóhun ò ṣe, wọn ò kọ orin nípa tiwọn tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Joseph Dutton, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti jẹ́ sójà rí. Ó dé ibẹ̀ ní 1886, ó ń di egbò, ó ń fọ egbò fún ju 40 ọdún lọ. Ìgbà tó kú ní 1931, ẹni ọdún 87 ni, kò sí ẹ̀tẹ̀ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Màdá Marianne Cope, aṣáájú àwọn sísítà. Ó dé Molokai ní 1888, nígbà tí ẹ̀tẹ̀ ti sọ Damien di aláìlera, ojú rẹ̀ sì rí ohun tí àrùn náà ṣe. Ẹ rò ó wò, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ ba àwọn ọmọbìnrin tó kó lẹ́yìn. Ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àrùn náà máa mú. Ohun tó fi lé wọn lọ́wọ́ kì í ṣe oògùn, torí oògùn ò sí nígbà náà. Ìmọ́tótó ni: wọ́n gbọ́dọ̀ máa fọ ọwọ́ wọn lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló lò níbẹ̀ títí tó fi kú ní 1918, ẹni ọdún 80. Kò sí sísítà kan lára àwọn tirẹ̀ tí ẹ̀tẹ̀ mú.

Ilẹ̀ kan náà, aláìsàn kan náà, ìgbà tí kò sí oògùn. Ọ̀kan kó o, àwọn yòókù ò kó o. Bóyá ara Damien wà lára àwọn díẹ̀ tí kò ní ohun ìjà yẹn ni o, bóyá bó ṣe ń bá wọn jẹ tó ń bá wọn mu fún ọdún 11 láì fọ ọwọ́ ni o, Ọlọ́run ló yé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi Damien dẹ́rù ba ọmọ nọ́ọ̀sì, ó yẹ kó ka ti Dutton àti ti Màdá Marianne mọ́ ọn.

TI ILÉ WA NÍBÍ

Àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú adẹ́tẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní Nàìjíríà. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ọsibítù Sacred Heart wà ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, tí àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1895. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú alárùn ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi ní tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Uzuakoli nílẹ̀ Ìgbò, tí wọ́n ṣí ní 1932. Ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán oògùn dapsone wò, tí ayé fi mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ṣeé wò.

Ní Uzuakoli yìí ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ikoli Harcourt Whyte gbé. Ọ̀dọ́mọdé ni nígbà tí ẹ̀tẹ̀ mú un. Ó kó àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́ akọrin, ó kọ orin ìyìn lóríṣiríṣi tí wọ́n ṣì ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Ìgbò. Oògùn dé, ara rẹ̀ yá, ó sì wà láyé títí di 1977. Lára àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú irú rẹ̀ níbẹ̀, àwọn kan wà tó lo ju ogún ọdún lọ nídìí iṣẹ́ náà, wọ́n darúgbó, wọ́n sì lọ sílé wọn.

Kì í ṣe pé kò tíì sí òṣìṣẹ́ kan láyé tí ẹ̀tẹ̀ mú rí o. Ó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Bó bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní irú ìlú tiwa tí àrùn náà ti wà tẹ́lẹ̀, ta ló lè búra pé ibi iṣẹ́ ló ti kó o? Àrùn tó ń sùn fún ọdún márùn-ún, ó lè jẹ́ ilé tí wọ́n bí i sí ló ti bá a jáde.

Oògùn ló yí ohun gbogbo padà. Láti 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n má fi oògùn kan ṣoṣo wo ẹ̀tẹ̀ mọ́, kí wọ́n pa oògùn pọ̀: rifampicin, dapsone àti clofazimine. Ẹni tí tirẹ̀ ò pọ̀ á lò ó fún oṣù 6. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀, oṣù 12. Ó tán. Láti 1995 sì ni àjọ náà ti ń rí sí i pé ọ̀fẹ́ ni oògùn náà káàkiri ayé. Kété tí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kòkòrò inú rẹ̀ á kú débi pé kò tún lè ran ẹlòmíràn mọ́.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ já sí báyìí. Ẹni tí nọ́ọ̀sì ń fọ egbò fún ní ọsibítù, ẹni tó ti ń gbé oògùn mì ni. Àrùn rẹ̀ ò ràn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá tí ìka rẹ̀ ti ké tí ẹ ń rí ní gáréèjì tó ń ṣagbe: ọ̀pọ̀ irú wọn ni ara wọn ti yá láti ọjọ́ pípẹ́. Ìka tó ti lọ ni kò padà. Ìka náà gan-an, kì í ṣe kòkòrò ló jẹ ẹ́. Iṣan tí èèyàn fi ń mọ ìrora ni ẹ̀tẹ̀ ń bà jẹ́. Tẹ́lọ̀ á gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ọwọ́ láì mọ̀. Káfíńtà á gbá ìṣó mọ́ àtàǹpàkò, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ìyá alákàrà á fi ọwọ́ kan ara agbada. Egbò á di egbò ńlá, á kẹ̀, eegun á bàjẹ́, ìka á sì lọ. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń fọ̀ nìyẹn: egbò iná àti egbò ìṣó, tó lè jẹ́ egbò ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun tí nọ́ọ̀sì náà ní láti ṣe kò ju ohun tó yẹ kó ṣe fún egbò gbogbo lọ: ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ọṣẹ àti omi lẹ́yìn iṣẹ́, kó sọ bándéèjì tó dọ̀tí sí ibi tó yẹ kó sọ ọ́ sí. Kì í ṣe nítorí ẹ̀tẹ̀ ni, nítorí àwọn àrùn mìíràn tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn ni. Ibi tí omi ò bá sí nínú ẹ̀rọ, tí ìbọ̀wọ́ sì tán lọ́jọ́ kejì oṣù, ibẹ̀ ló yẹ kí ìyá pariwo lé lórí. Irú ariwo yẹn á wúlò fún ọmọ rẹ̀ ju kó máa wá ẹni tó máa yí ìwé iṣẹ́ padà lọ.

OHUN TÓ TÓ BẸ̀RÙ

Bí ìyá bá ń wá ohun tó máa bà á lẹ́rù, ó wà. Ìjọba àpapọ̀ pa ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, pọ̀ sábẹ́ ètò kan láti 1989. Òṣìṣẹ́ kan náà ló ń bójú tó méjèèjì. Ẹ wá wò ó: nọ́ọ̀sì á máa yẹra fún bàbá tí ìka rẹ̀ ké, á wá lọ jókòó ti ọ̀dọ́kùnrin tó dára lójú, tó ń wúkọ́ sí i lójú nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Ikọ́ yẹn gan-an ni ewu. Inú atẹ́gùn ló ń gbà, ó sì ń ran òṣìṣẹ́ ọsibítù ju ẹ̀tẹ̀ lọ fíìfíì. Fèrèsé ni kí wọ́n ṣí, ìbòmú ni kí wọ́n fi sí i.

Ẹ rántí Lassa. Ní 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ̀n kan ní ìlú Lassa ní Bọ̀nọ́ ṣàìsàn, wọ́n gbé e wá sí Jọ́ọ̀sì, ó kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ kú tẹ̀lé e. Ìkẹta tó tún tọ́jú wọn ṣàìsàn, díẹ̀ ló kù kó lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni o, kì í ṣe ọdún 11! Ẹ tún rántí Ẹ̀bólà ní Nàìjíríà ní 2014. Èèyàn 20 ló mú, 8 kú, Dókítà Stella Adadevoh tó dá aláìsàn àkọ́kọ́ dúró kó má baà jáde sì wà nínú àwọn tó kú, ní ọjọ́ 19 oṣù Ògústì. Àwọn yẹn ni àrùn tó ń pa ẹni tó ń tọ́jú. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé ọmọ nọ́ọ̀sì lọ sí wọ́ọ̀dù tí Lassa ti lè wọlé nígbàkígbà, ìyá rẹ̀ kì í sunkún. Orúkọ ẹ̀tẹ̀ ló ń mú un sunkún.

TA LÓ WÀ NÍNÚ EWU?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé ìyá onígàrí wa. Ká ní àbúrò ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wọn, tẹ́lọ̀ ni. Ojú kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ó ti tó ọdún méjì. Àwọn kan ní èélá ni, àwọn kan ní lápálápá ni. Ó ti fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, ó ti fi ìpara kùn ún, kò lọ. Kì í yún un, kì í dùn ún. Nítorí pé kì í dùn ún, kò kà á sí. Láìpẹ́ yìí ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tìpìrì bó bá ń rán aṣọ, ìka kékeré sì ń fẹ́ ká kò. Yàrá kan náà ni òun àti àwọn ọmọ kéékèèké ilé ń sùn.

Ọmọ nọ́ọ̀sì yọ òwú díẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ojú yín. Níbi tí mo bá ti fọwọ́ kàn yín, kí ẹ sọ." Ó fi òwú kan èjìká. "Ibẹ̀ nìyẹn." Ó fi kan ọrùn. "Ibẹ̀ nìyẹn." Ó fi kan ojú tó ṣá náà. Bàbá dákẹ́. Ó tún fi kan án. Bàbá ní, "Ṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ilé yẹn ni ewu wà. Àwọn ọmọ tó ń bá aláìsàn tí kò tíì lo oògùn sùn nínú yàrá kan, lóru gbogbo, fún ọdún méjì, ewu tiwọn pọ̀ ju ti nọ́ọ̀sì tó ń fi ìbọ̀wọ́ fọ egbò ní ọ̀sán lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyá ń sunkún nítorí ọsibítù, ohun tó ń bẹ̀rù ti wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Kí ló gbé e pa mọ́ síbẹ̀? Ẹ̀rù náà ni. Bí tẹ́lọ̀ bá tilẹ̀ ti fura, ó mọ̀ pé bí òun bá lanu sọ ọ́, kò ní sí oníbàárà kan tó máa gbé aṣọ wá mọ́. Ó lè mọ̀ pé ìyàwó lè kó ẹrù rẹ̀. Á yá a lára kó máa bò ó mọ́lẹ̀, kó máa lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan lóru, títí ìka á fi ká tán tí kò ní ṣeé bò mọ́. Nígbà yẹn, oògùn á pa kòkòrò, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ká ò ní padà nà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nàìjíríà sọ pé ẹ̀tẹ̀ ti dín kù nílẹ̀ wa láti ìparí àwọn ọdún 1990, débi pé kò tó ẹnì kan nínú 10,000. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tuntun tó ju 1,000 lọ ni wọ́n ṣì ń rí lọ́dọọdún. Lágbàáyé, ní 2023, wọ́n ju 180,000 lọ. Àwọn ọmọdé sì ń bẹ nínú wọn. Bí ẹ bá rí ọmọdé tí ẹ̀tẹ̀ mú, ẹ mọ̀ pé àgbàlagbà kan wà nítòsí rẹ̀ tó ń fi tirẹ̀ pa mọ́.

Bí tẹ́lọ̀ bá gbà láti lọ, ohun tí wọ́n máa ṣe fún un kò le. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní ilé ìlera ìjọba tó bá sún mọ́ wọn, wọ́n á tọ́ka rẹ̀ fún un. Wọ́n á yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n á fọwọ́ tẹ iṣan ìgúnpá rẹ̀, wọ́n á fún un ní káàdì àti páálí oògùn ti oṣù kan. Apá kan á mu níwájú wọn, ìyókù á máa mu nílé lójoojúmọ́. Kó má jẹ́ kí àyà òun já bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, rifampicin ló fà á, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí awọ ara rẹ̀ bá dúdú díẹ̀ sí i, clofazimine ni, á padà lẹ́yìn tó bá parí oògùn. Wọn ò ní gbé e lọ sí ibùdó kankan. Ilé rẹ̀ ni yóò máa sùn, ìdí máṣíìnì rẹ̀ ni yóò máa jókòó sí.

Àwọn ọmọ ilé náà ńkọ́? Wọ́n á yẹ gbogbo wọn wò, ìyá onígàrí pàápàá. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n gún wọn lápá nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ tuntun ń gbèjà wọn díẹ̀. Láti 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ti ní kí wọ́n lè fún àwọn tó ń bá aláìsàn gbé ní rifampicin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti dín ewu wọn kù, bí ara wọn bá gbà á.

Ọmọ nọ́ọ̀sì ló máa bá wọn ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sára káàdì. Ní alẹ́, ó máa fọ ọwọ́ rẹ̀ nídìí ìkòkò omi ẹ̀yìnkùlé kó tó jókòó ti ìyá rẹ̀ jẹun, bó ṣe ti máa ń fọ̀ ọ́ kó tó di nọ́ọ̀sì.